Òkun Kékeré Inú Ẹkù Yín

Bàbá mi tí mi ò lè gbàgbé,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé sí yín. Ọdún kẹrin rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, mi ò sì kọ lẹ́tà kan sí yín rí, torí mi ò mọ ibi tí wọ́n ń fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Ṣùgbọ́n lónìí, bí mi ò bá rí ẹni sọ ọ́ fún, ayọ̀ yìí á pa mí lára. Orí àpótí ni mo jókòó sí níwájú ilé wa ní Ìgèdè, ìwé wà lórí itan mi, ọwọ́ mi sì ń sáré ju ọpọlọ mi lọ. Ẹ bá mi fojú fo ibi tí mo bá ti ṣì í kọ.

Mo ti lọ́kọ, Bàbá! Ìyàwó oṣù márùn-ún ni mí. Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ló dúró nípò yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní bàtà yín ni òun máa wọ̀, kí ẹ lè bá wa débẹ̀. Bàtà náà tóbi jù ú lọ, ó ki pépà sí imú rẹ̀, síbẹ̀ ó ń ró pà, pà, pà láti ẹnu ọ̀nà títí dé iwájú àlùfáà. Ẹ̀rín gba ẹnu àwọn akọrin, wọn ò lè parí orin. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún, mi ò mọ èyí tí mo ń ṣe jù. Ṣé ẹ gbọ́ ìró bàtà yín lọ́jọ́ náà?

Ẹ ò bá ọkọ mi pàdé. Ọmọ Adó ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì nílé ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀. Yàrá méjì tí a ń gbé ò jìnnà sí oríta Adébáyọ̀. Tíṣà ni Màmá ń pè é, èmi náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í lè rí nǹkan tó ń yí kó má dúró wò ó. Ibùdókọ̀ Fájuyì ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Èmi ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ akọ̀wé tí mo ń ṣe, mo fẹ́ wọkọ̀ wá kí Màmá nílé. Òun lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn, ó ń fọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn, ó ń tẹ́tí sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tó yẹ kó wọ̀ kún, ó sì lọ.

Mo ní, "Bọ̀dá, ọkọ̀ yín ti lọ o."

Ó ní, "Òmíràn á wá. Ẹ wá gbọ́ bí èyí ṣe ń ró."

Bí mo ṣe lọ gbọ́ ọ nìyẹn, Bàbá, mi ò tíì padà.

Nǹkan tó gbà á lọ́kàn jù láyé yìí ni òkun. Ẹni tí kò fojú kan òkun rí! Ó kà á nínú ìwé ìròyìn kan pé láti ìgbà tí bẹntiróò ti wọ́n lókè òkun, àwọn onímọ̀ kan níbẹ̀ ti ń wá bí wọ́n ṣe máa fi ìgbì ṣe iná mànàmáná. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi títí ó fi yé mi, mo sì fẹ́ kó yé ẹ̀yin náà. Ìgbì ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sílẹ̀, kì í sinmi, ẹnikẹ́ni kì í sì í ko iná sí i nídìí. Bí a bá gbé nǹkan tó lè léfòó lé e lórí, yóò máa gbé e sókè, yóò máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń mú iná wá, yíyí ló fẹ́, kì í ṣe lílọ àti bíbọ̀. Ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ti wúlò. Ẹ rántí kẹ̀kẹ́ yín: bí ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ síwájú, táyà á yí, bí ẹ bá dá ẹsẹ̀ padà, á kàn máa ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, táyà ò ní yí padà sẹ́yìn. Irin kékeré tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà ń tẹ́tí sí ní Fájuyì lọ́jọ́sí. Bí ìgbì bá gbé nǹkan náà sókè, irin á yí. Bó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, irin á ró lásán, kò ní tú iṣẹ́ tó ti ṣe.

Kí a tó ṣègbéyàwó ló ti kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan lókè òkun tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Èsì dé ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a di tọkọtìyàwó. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ní àyè ẹnì kan ṣoṣo ló kù fún ọdún tó ń bọ̀, pẹ̀lú ilé àti oúnjẹ, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń wá a. Ó ní kí Tíṣà ṣe irú ẹ̀rọ yẹn ní kékeré, kó gbé e sínú omi tó ń ru, kó wọn ohun tó bá ṣe, kó sì fi ìwọ̀n náà ránṣẹ́ kí oṣù keje tó parí. Bí kò bá rí nǹkan gidi kan fi ránṣẹ́, ó parí nìyẹn.

Níbo la ti fẹ́ rí omi tó ń ru ní Èkìtì? Odò wa ń ṣàn ni, kì í ru. Tíṣà gbé ọpọ́n ìwẹ̀ tí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ níbi ìgbéyàwó sí àárín yàrá, ó ń fi pákó ti omi inú rẹ̀. Ìgbì á lọ, á kan etí ọpọ́n, á padà wá ja èyí tó ń bọ̀, omi á dà sórí ibùsùn wa. Ó ní ibi tó gùn tó sì tóóró lòun ń fẹ́, tí ìgbì á ti ráyè rìn. Bó ṣe ń fọwọ́ júwe bó ṣe yẹ kó gùn tó, ẹkù epo yín ló wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe fi yín ṣẹ̀sín nígbà tí ẹ gbẹ́ ẹ? Ẹkù tí gbogbo èèyàn ti ń fọ epo máa ń rí roboto bí kòtò ni. Tiyín nìkan ló gùn bí ọkọ̀ ojú omi, tí ẹ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ inú rẹ̀ dan. Kí ló dé tí ẹ fi ṣe é báyẹn, Bàbá? Màmá ò mọ̀, Bàbá Kékeré náà ò mọ̀. Láti ọjọ́ tí a ti sin yín ni Màmá ti fi páànù bò ó, tó kó òkúta lé e lórí, kì í sì í gba ẹ̀yìnkùlé kọjá mọ́. Bó bá ń lọ sóko, ojú títì ló ń gbà yí ká. Ẹ wá wo èmi tí mo fẹ́ tọrọ ẹkù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Màmá, Tíṣà fẹ́ yá ẹkù Bàbá lò."

Màmá ní, "Ó fẹ́ fọ epo ni?"

"Rárá, Màmá. Ó fẹ́ fi ṣe òkun."

Màmá wo Tíṣà láti orí dé ẹsẹ̀. "Tíṣà, òkun tí ò ń wí yìí, ṣé o ti rí i rí?"

"Mi ò tíì rí i, Màmá."

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Òun náà ò rí i, mà."

"Èmi náà ò sì rí i. Àwa mẹ́ta tí kò rí òkun rí la wá fẹ́ ṣe òkun ní Ìgèdè." Ó dìde, ó gbọn ìdí ìró rẹ̀. Mo rò pé ó parí. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀ láìwẹ̀yìn. "Ẹ ṣí páànù náà. Ṣùgbọ́n ẹ má pè mí wá wo nǹkan kan níbẹ̀ o. Mi ò débẹ̀."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lópin ọ̀sẹ̀ la kọ́kọ́ ń wá, nígbà tó yá a wá ń wá lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. A fọ ẹkù, a pọn omi kún un. Káfíńtà bá wa gbẹ́ igi ahùn, tó fúyẹ́ bí òwú, kò tóbi ju ìkúùkù mi lọ. Tíṣà so òkúta mọ́ ìdí rẹ̀ kó má baà máa dojú dé, torí ó ní ohun tó bá fẹ́ pẹ́ lórí omi, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wúwo. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ó mọ́ irin kẹ̀kẹ́ létí ẹkù. Bí irin bá ń yí, á máa ká okùn kan, okùn náà á sì máa fa agolo tòmátì kékeré tí a bu èkùrọ́ sí gun igi tí a fín àmì sí lára. Ibi tí agolo bá gùn ún dé láàárín ìṣẹ́jú kan ni Tíṣà ń kọ sílẹ̀. Ìwọ̀n tí ọ̀jọ̀gbọ́n ń fẹ́ nìyẹn.

Bàbá Kékeré wá ràn wá lọ́wọ́. Òun ló so igi ahùn náà mọ́lẹ̀ kí omi má baà gbé e lọ, ó sì fi okùn dè é pinpin. Ìgbì mẹ́ta péré, okùn já.

Tíṣà ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó dẹ̀ díẹ̀. Ohun tí òkun bá rí tó ń bá a rìn, kì í bá a jà. Èyí tó bá dúró gán-ín ló ń já."

Bàbá Kékeré ní, "Ṣé òkun nìkan ni? Ìyàwó ilé ńkọ́?" Ó sì tú okùn náà, ó dẹ̀ ẹ́.

Èmi ni mo ń ti pákó tó ń mú omi ru. Ẹ má rò pé agbára ló gbà o. Tíṣà ní gbogbo ohun tó bá léfòó ló ní ijó tirẹ̀. A á fọwọ́ tẹ igi ahùn náà wọ inú omi tó pa rọ́rọ́, a á jọ̀wọ́ rẹ̀, òun á wo aago ọwọ́, á ka iye ìgbà tó jó sókè jó sódò. Iye yẹn gan-an ni mo gbọ́dọ̀ fi máa ti pákó. Ó dà bí ẹni ń ti ọmọ lórí jangirọ́fà. Bí ẹ bá ti ọmọ náà nígbà tó ṣì ń bọ̀, ẹ dá a dúró nìyẹn. Bí ẹ bá tì í nígbà tó ń lọ, títì díẹ̀díẹ̀ á gbé e kan ewé lókè. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bá ijó náà mu, Bàbá, igi kékeré yẹn fò sókè bí ẹja! Mo pariwo títí tí àwọn ewúrẹ́ fi sá.

Ohun kan ṣoṣo ló kù: òkun gbọ́dọ̀ ní etí. Bí ìgbì bá kan sìmẹ́ǹtì lódìkejì, á padà wá. Tíṣà ní kí a wá nǹkan tí á gbé ìgbì mì, ó sì rí ìhá eyìn tí ìyá elépo tó múlé gbè wá ṣẹ̀ṣẹ̀ fún epo lára rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn bíi pé ó rí wúrà. Agbọ̀n méjì ló bẹ̀ lọ́wọ́ ìyá náà, ó kó o sí ìparí ẹkù, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Bí ìgbì bá dé ibẹ̀, ìhá á gbé e mì ṣin. Ó ń yangàn. Ó ní àwọn òyìnbó ò ní ìhá.

Lọ́jọ́ kìíní, agolo èkùrọ́ gùn ún dé àmì kẹsàn-án. Lọ́jọ́ kejì, ìkeje. Lọ́jọ́ kẹta, ìkẹrin. Pákó kan náà ni mo ń tì, ijó kan náà ni mo ń bá mu. Tíṣà tú irin kẹ̀kẹ́, ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó tún un tò. Ó rò pé igi ahùn ti mu omi, ó sá a sóòrùn. Ní ọjọ́ kẹfà, agolo kàn gbọ̀n lásán ni, kò kúrò nílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí oṣù parí, lẹ́tà náà sì gbọ́dọ̀ rìnrìn àjò. Ọkọ mi ò jẹun mọ́. Iyán tí Màmá gún, bó ṣe gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀ náà ló gbé e kúrò.

Bàbá Kékeré dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wo inú ẹkù, ó wo agolo. "Tíṣà, uṣẹ́ kí lèyí? Ẹ gbé òkun wá sí Ìgèdè, ẹ ò fún un lóúnjẹ. Òkun yín ń ṣàìsàn o." Tíṣà ò lè rẹ́rìn-ín. Ó wọlé lọ dùbúlẹ̀.

Mo jókòó sétí ẹkù. Inú mi bàjẹ́ torí tirẹ̀, mo kàn ń wo omi ṣáá. Atẹ́gùn ń fẹ́. Kòtò omi òjò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń hun jọ bí iwájú orí arúgbó, ṣùgbọ́n ti inú ẹkù ò mira. Mo fọwọ́ ti pákó. Ìgbì dìde lọ́dọ̀ mi, ó rìn díẹ̀, ó ń rẹlẹ̀, kó tó dé ọ̀dọ̀ igi ahùn ó ti tán. Ojú omi náà wúwo, ó ń dán. Mo ti rí ojú yẹn rí. Níbo? Níbo ni mo ti rí i?

Ohùn yín ni mo gbọ́, Bàbá. Ṣé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ni, àbí inú mi ló ti wá? Nígbà tí àwọn obìnrin bá ń fẹsẹ̀ tẹ eyìn nínú ẹkù, tí omi ń ta wọ́n lójú, tí wọ́n ń pariwo, ẹ̀yin á dúró létí ibí yìí. Ẹ á máa wo omi. Bí epo bá ti ń jáde, omi á dẹ́kun títa, á máa yí jẹ́jẹ́, ẹ á wá gbọ́wọ́ sókè: "Omi ti sùn. Ẹ jáde, kí á re epo kúrò lójú rẹ̀." Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà, mo rò pé ẹ̀yin lẹ ń pàṣẹ fún un kó sùn.

Mo fìka kan omi, mo fi ra àtàǹpàkò, mo gbóòórùn rẹ̀. Mo figbe ta. "Tíṣà! Tíṣà, omi ti sùn!"

Ó sáré jáde láìwọ bàtà. "Kí ló sùn?"

"Omi! Epo wà lójú rẹ̀."

"Epo kẹ̀? Ṣebí a fọ ẹkù yìí."

"Ìhá ńkọ́? Ṣé ẹ fọ ìhá?"

Ó wo ìhá. Ó wò mí. Ó gbá ara rẹ̀ níwájú orí, gbà! Ó ní òun ti kà á rí, pé bí ìjì bá ń jà, àwọn awakọ̀ òkun àtijọ́ máa ń da òróró sójú omi kó lè rọ̀. Ó kà á, ó yege nínú ìdánwò rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé agbọ̀n ìhá elépo méjì sínú òkun rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó gbé mi, ó ń fi mí yí níbẹ̀, mo ní kó rọra, kí àwa méjèèjì má lọ sùn sínú omi.

Màmá wà nínú ilé ìdáná ní gbogbo ìgbà yìí. Kò jáde sí wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé, ó ti gbé ìkòkò eérú kan sílẹ̀ de mí. Ó ní, "Ọṣẹ lásán ò lè mú un. Eérú èèpo kòkó ni. Òun ni bàbá rẹ ń lò." Kò wò mí lójú. Mo mọ̀ pé ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo pariwo níta, ó sì mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà.

A da omi nù. A fi omi eérú fọ ẹkù, a fi fọ ìhá lẹ́ẹ̀mẹta títí tó fi funfun bí irun àgbà. Ọ̀nà omi jìn, ọrùn ń ro mí, àṣé òjò ti ń bọ̀. Ó rọ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere, nígbà tí a padà dé láti Adó lọ́jọ́ kejì, ẹkù ti kún dẹ́múdẹ́mú fún omi tí kò ní àbàwọ́n kankan. Mo mú pákó. Ìgbì àkọ́kọ́ rìn láti ọ̀dọ̀ mi dé ìparí láìrẹ̀wẹ̀sì. Igi ahùn bẹ̀rẹ̀ sí í jó, irin ń ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, agolo gbéra nílẹ̀, ó gùn ún, ó gùn ún, ó kọjá àmì kẹsàn-án, ó kan òkè igi, èkùrọ́ dà sílẹ̀! Bàbá Kékeré tó ní òkun wa ń ṣàìsàn ló kọ́kọ́ jó. Ó ní ara òkun ti yá, wọ́n ti fún un ní àgúnmu.

Ibi tó le jù ni mo fẹ́ sọ fún yín báyìí.

Ọwọ́ ìkọ̀wé Tíṣà dà bí ẹsẹ̀ adìẹ, èmi ni mo máa ń bá a dà á kọ. Ó kọ ohun gbogbo sí ìwé yẹpẹrẹ, ó gbé e fún mi. Bàbá Kékeré ti gbà á nímọ̀ràn pé kó fi ọ̀sẹ̀ tó bàjẹ́ pamọ́. Ó ní, "Ta ló ń ta iṣu tó máa ń yí ojú tó jẹrà síta?" Tíṣà ti pa ọ̀sẹ̀ náà rẹ́. Níbi tó yẹ kó ti sọ ibi tí a ti ṣiṣẹ́, ó kọ "àgbá omi onísìmẹ́ǹtì kan". Ó ní bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bá gbọ́ pé inú kòtò epo ni, wọ́n á rò pé eré la ń ṣe. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Àyè kan ṣoṣo ló kù, ọ̀pọ̀ ló sì ń wá a. Mo gbé kálámù lé ìwé, kálámù ò rìn.

Bàbá, mo rántí ọjọ́ ìbẹ̀wò nílé ẹ̀kọ́ girama wa, nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ láti Ìgèdè wá, ẹ gbé garawa epo kékeré kan fún mi, epo ti ta sí ẹ̀wù yín. Àwọn ọmọbìnrin tí mo fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn mi dúró tì mí. Wọ́n bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní ẹni tó ń bá bàbá mi ṣiṣẹ́ ni. Ẹ ò jìnnà. Ẹ gbé garawa sílẹ̀, ẹ nu ọwọ́ yín lára ṣòkòtò, ẹ béèrè bóyá mò ń jẹun dáadáa, ẹ sì gun kẹ̀kẹ́ lọ. Ṣé ẹ gbọ́ mi lọ́jọ́ náà? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo fẹ́ bi yín nígbà tí ẹ wà láàyè. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa ní ẹ ò gbọ́.

N kò kọ àgbá omi. Mo kọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì tó já gaara jù tí mo ní, pé inú ẹkù tí bàbá mi ti ń fọ epo pupa ní Ìgèdè ni a ti ṣe é. Mo kọ pé bàbá mi ló gbẹ́ ẹ, òun ló sì kọ́ mi láti mọ ojú omi tó ti sùn. Mo dá ọ̀sẹ̀ tó bàjẹ́ padà sínú ìwé, àmì kẹsàn-án, ìkeje, ìkẹrin, títí dé ibi tí agolo ti gbọ̀n lásán, mo sì sọ ti ìhá. Nígbà tí mo parí rẹ̀, mo gbé e fún ọkọ mi. Ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó tún un kà.

Ó ní, "Ìyàwó mi, o mọ̀ pé wọ́n lè fi èyí rẹ́rìn-ín?"

Mo ní, "Mo mọ̀, sà."

"Ó lè gba òkun lọ́wọ́ mi."

"Mo mọ̀."

Ó wá kálámù títí, etí ara rẹ̀ ló fi í há sí. Ó fọwọ́ sí i. A jọ gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Adó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, Bàbá. Mo dín dòdò tó jóná. Mo fi iyọ̀ sí ògì. Bí a bá kan ilẹ̀kùn, àwa méjèèjì á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, orí wa á kọlura. Mo ń rò ó lọ́kàn pé bóyá mo ti fi ìtìjú tèmi ba ayé ọkọ mi jẹ́. Òun kò fi í bú mi rí, kò fi ojú rẹ̀ sọ ọ́ pàápàá.

Àná ni ìdáhùn dé! Tíṣà ò lè ṣí i, èmi ni mo fi eyín ya á. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ ló fi ìwọ̀n tó dán ránṣẹ́ sí òun, ṣùgbọ́n tiwa nìkan ló ní ọ̀sẹ̀ tó bàjẹ́ nínú, pẹ̀lú ìdí tó fi bàjẹ́. Ó ní ẹni tó bá lè kọ ibi tó ti ṣì í sílẹ̀, òun lè gbà á gbọ́ nígbà tó bá ní òun ṣe é yọrí. Ó ní àyè náà ti di ti ọkọ mi. Yàrá wà fún tọkọtìyàwó. Bàbá, a ń lọ! A ń lọ síbi tí òkun wà!

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ la wọ̀ láàárọ̀ yìí wá sọ fún Màmá. Mo túmọ̀ lẹ́tà náà fún un láti òkè délẹ̀. Ó wá béèrè pé, "Inú ẹkù yẹn náà lẹ ti ṣe é?"

"Inú rẹ̀ ni, Màmá."

Ó dìde. Ó gba ilé ìdáná kọjá, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Èmi àti Tíṣà wo ara wa, a rọra tẹ̀ lé e. Ó dúró létí ẹkù yín, ó wo òjò tó kún inú rẹ̀, ó wo igi ahùn tó léfòó síbẹ̀. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀. Ó jókòó sétí rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi, ó di pákó mú. Títì àkọ́kọ́ le jù, omi fò sí i láyà. Ó dẹ ọwọ́. Ó tún tì í, ó ń wo igi ahùn, ó ń dúró dè é, ó tún tì í. Ta ló kọ́ ọ, Bàbá? Igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Agolo gbéra. Màmá bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tó máa ń rín nígbà tí ẹ bá wọlé láti oko, tí mi ò gbọ́ fún ọdún mẹ́rin gbáko.

A dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá. Níkẹyìn Tíṣà sún mọ́ ọn, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n gbà á, ọwọ́ á máa ro yín."

Màmá ò yíjú sí i. Ó lé wa kúrò níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi wá jókòó síwájú ilé tí mo ń kọ̀wé sí yín. Mo ṣì ń gbọ́ ìró pákó náà láti ibí yìí, ohùn Màmá náà ò tíì kúrò létí mi: "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ṣé ẹ ò rí i pé mò ń ṣe òkun ni?"

Ọmọbìnrin yín, tí ìfẹ́ rẹ̀ sí yín ju ohun tí ìwé lè gbà lọ,

Ìyàwó Tíṣà